Ọjọ́ Ìsinmi Àpótí Tí Kò Ní Ọ̀gá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí o tó ka ìwé yìí, jọ̀ọ́, wá ibì kan jókòó sí. Ẹni tó bá dúró ka ìwé ìyá rẹ̀, ààbọ̀ ni yóò kà, mo sì mọ̀ ọ́, láti kékeré ni o ti máa ń dúró jẹun. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ ńkọ́? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ńkọ́, ṣé wọ́n ń dáhùn bí o bá kí wọn láàárọ̀, àbí wọ́n kàn ń wo ènìyàn bí ẹni ń wo ògiri? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àṣedànù. Ibi tí o bá wọ̀, ojú rere ni wọn yóò fi wò ọ́, àmín. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ohùn fóònù sì máa ń já níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà yín kó fi lé ọ lọ́wọ́.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Bàbá rẹ kí ọ. Orókùn rẹ̀ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ló ń jókòó sí fá pákó báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, Ìyá Mo-ti-gbọ́, kí ọ, ẹnu wọn kò tíì rẹ̀ wọ́n. Àbúrò rẹ náà kí ọ. Àpótí kọ̀ǹpútà kékeré tó o gbé wá síbí ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, má bínú. Nígbà tó o lọ tán tí ilé pa lọ́lọ́, òun ló kù tó ń ṣẹ́jú sí mi ní igun yàrá ìránṣọ, mi ò sì lè máa bá nǹkan gbé inú ilé kan náà kí n máà mọ ohun tí màá máa pè é.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dú. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Láti ọjọ́ tó o ti gbé pátákó sólà yẹn sórí òrùlé kí àpótí lè máa rí iná jẹ, àwa náà ń jẹ nínú rẹ̀. Gílóòbù kan ń tàn lókè ẹ̀rọ ìránṣọ mi báyìí, èmi fúnra mi ni mo ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, mi ò pe ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá rẹ ní àfìgbà tí iná náà tàn ni òun tó rí i pé tábìlì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán wọ́. Ó ti ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà àtijọ́ kan pé kí wọ́n dá nǹkan wọn padà kí òun lè tún un ṣe, àwọn ẹni ẹlẹ́ni tí wọ́n ti ń jẹun lórí tábìlì wọn ní àlàáfíà. Oògùn orókùn tó o ní kí wọ́n máa fi owó iṣẹ́ àpótí rà náà ń wọlé déédéé, apòògùn ń bi mí pé ọmọ wo ló ń ṣe gbogbo èyí, mo ní àbúrò ni, ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé mi ò mọ ẹni tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó o wá, o jókòó tì mí, o ṣàlàyé, mo sì gbọ́ ju bí o ṣe rò lọ. O ní káàkiri ayé làwọn ènìyàn gbé irú àpótí yìí sílé, pé bí ẹnì kan bá ní ìṣirò tó pọ̀ ju agbára kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ, àwọn àpótí yìí á pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́, kálukú á ṣe díẹ̀, á sì gba owó iṣẹ́ tirẹ̀. Mo ní ta ni ọ̀gá wọn kí n ránṣẹ́ ọpẹ́ sí i. O ní kò sí ọ̀gá. Ìyá Mo-ti-gbọ́ ní àwọn ti gbọ́ nípa rẹ̀ tipẹ́, pé iṣẹ́ tí kò bá ti ní ọ̀gá, olè ni. Bàbá rẹ ní rárá o, àáró ni: lónìí a ṣe tèmi, lọ́la a ṣe tìrẹ, ta wá ni ọ̀gá nínú àáró? Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu. Àmọ́ àwọn tí ẹ jọ ń ṣe àáró pọ̀ ju ohun tí ẹnu mi lè kí tán lọ, nítorí náà àpótí ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láràárọ̀, mo ní kó bá mi pín in fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́.

O tún sọ pé kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ìwé ńlá kan wà tí gbogbo wọn jọ ń kọ, tí ojú ewé kọ̀ọ̀kan so mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, tí ẹnì kan ò lè dá yí padà. Ìwé yẹn ti wá tóbi débi pé àpótí kékeré ò lè gbé e. Èyí tó o kọ́kọ́ gbé wá lọ́dún tó kọjá, ńṣe ló máa ń ránṣẹ́ lọ bi ẹ̀rọ ńlá kan léèrè níbi tó jìnnà, ohunkóhun tí ẹ̀rọ ńlá bá sì wí, ó ti gbà, bí ìyàwó tí kò tíì mọ inú ilé ọkọ. Bí ẹ̀rọ ńlá ò bá dáhùn, tiwa náà á kàn la ojú sílẹ̀. Nínú ti báyìí, ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ fi olùṣọ́ kékeré kan sí i nínú. Olùṣọ́ yìí ò gbé ìwé. Orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan nìkan, ìlà òkè tó fi hàn pé ó so mọ́ èyí tó ṣáájú, ló ń mú lọ́wọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé irọ́ wá, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀, kò ní bi ẹ̀rọ ńlá kankan. O wojú mi, o rò pé kò yé mi, o fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi, kí ni kò yé mi níbẹ̀? Bí wọ́n bá gbé aṣọ wá pé èmi ni mo rán an, ṣé mo máa ń ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀ ni? Ìṣẹ́tí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń yí wò. Mo mọ ọwọ́ ara mi.

Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá ìránṣọ pé olùṣọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń mọ irọ́. Láti ìgbà náà ni ara ti tù mí. Ìyàwó olùkọ́ kan wá, ó ní aṣọ tí òun gbé wá pọ̀ ju ohun tí òun ń wò yìí lọ, pé mo ti gé lára rẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo kàn nawọ́ sí àbúrò rẹ, òun náà sì ṣẹ́jú. Obìnrin náà wo aṣọ, ó wo àpótí, ó ní àbí ilé ni òun ti gé ìyókù fún ọmọ òun. Bàbá rẹ kan ilé pákó kékeré fún àpótí, ó dá fèrèsé sí i ní ìhà ẹnu ọ̀nà kí olùṣọ́ lè máa rí ẹni tó ń bọ̀. Ó dára púpọ̀, kò sì wọ́.

Mi ò gbàgbé ohun tó o sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó ò ń lọ. O ní ilé wa lo yàn nítorí pé nẹ́tíwọ́kì ibí yìí ò dúró sójú kan, pé bí olùṣọ́ rẹ bá lè dá dúró níbí, kò síbi tí kò ti ní lè dúró, ọ́fíìsì yín á sì fi í sínú gbogbo àpótí. Àmọ́ bí kò bá lè ṣe é, wọ́n á tú ìdí iṣẹ́ yín ká, wàá sì di ẹrù rẹ wálé. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó wù mí kí o wálé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń bọ̀ wá kí ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́, kì í ṣe bí ẹrù tí wọ́n dá padà. Nítorí náà ni mo ṣe ní àpótí yìí, màá tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe tọ́jú ìwọ.

Bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ nìyí. Mò ń nù ún lójoojúmọ́. Mo rán ìbora fún un, èyí tó fẹ́lẹ́ kí ooru má baà mú un. Nígbà tó yá, mo wò ó pé àárọ̀ ni o, ọ̀sán ni o, alẹ́ ni o, iṣẹ́ ló ń ṣe. Mo fọwọ́ kàn án lára, ó gbóná janjan. Mo ní háà, ọmọ ọlọ́mọ! Bàbá rẹ ní kò sí àáró kankan tí wọn kì í ti sinmi, pé ẹni bá ń lo ẹlòmíràn láìjẹ́ kó sinmi, ẹrú ló pè é. Ni mo bá sọ ọ́ di àṣà pé bí ilẹ̀ ọjọ́ ìsinmi bá ti mọ́, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá yọ okùn iná rẹ̀, màá fi aṣọ bò ó, a ò sì ní pariwo nítòsí rẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá kì í bọ iná padà, màá ní kú ìsinmi o. Iná ara rẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ti ọdún tó kọjá, bí iná bá lọ, ọjọ́ kejì ló tó máa ń mọ ibi tó wà. Ti báyìí, omi tí mo gbé kaná kì í tíì hó tó fi ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹ rí i, ohun tí ìsinmi ń ṣe fún ara nìyẹn.

Mi ò mọ̀ pé ọ́fíìsì yín ń dàrú nítorí ìsinmi wa. Ẹni tó wá sọ fún mi ni Má-fọwọ́-kàn-án, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta, ẹni tí kì í jẹ́ kí oníbàárà pàápàá fọwọ́ kan fóònù ara rẹ̀ bó bá ti dé orí tábìlì òun. Orí fóònù rẹ̀ ni ohun tó o bá kọ ránṣẹ́ ń bọ̀ sí, òun ló sì ń bá mi kà á. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ojú rẹ̀ sì le bí ojú ẹni tó ń mú ìròyìn òkú bọ̀. Ó ní o kọ̀wé pé ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, àpótí ilé wa ń pòórá ní ọjọ́ kan náà, pé àwọn ará ọ́fíìsì ti rí i, pé ṣé iná ni, ṣé eku ni, ṣé bátìrì ni, pé ẹ jọ̀ọ́ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, wọ́n fẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ìyá Mo-ti-gbọ́ ní àwọn ti gbọ́ pé bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ mi, àyà mi já. Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, mo ní ṣé ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọ ni mo tún fi ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ báyìí. Mo sunkún, mi ò ní bò ó fún ọ. Ìyá Mo-ti-gbọ́ ní ká sọ pé eku ni, eku ò ní wá jẹ́rìí. Bàbá rẹ ní irọ́ wo lẹ fẹ́ pa fún àwọn tó ń ṣe olùṣọ́ tó ń mọ irọ́? Ni mo bá ní kí Má-fọwọ́-kàn-án bá mi kọ ọ́ bó ṣe rí: pé kì í ṣe iná, kì í ṣe eku, èmi ni, pé àpótí ṣiṣẹ́ dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó sinmi. Ó bi mí pé ṣé kí òun fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

O ò dá mi lóhùn. Ọjọ́ ìsinmi dé, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n yọ okùn. Mo gbé àga tì í, mo ń fi páálí fẹ́ ẹ, mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, kó fara dà á, nítorí iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Bàbá rẹ náà kò fá pákó, ó ní òun ò fẹ́ kí ariwo dí i lọ́wọ́.

Àfìgbà tí Má-fọwọ́-kàn-án tún ránṣẹ́ pè mí pé ohùn rẹ tó o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ ti dé sórí fóònù òun. Ó gbé e sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́, mi ò bá a wí, ohùn rẹ ni mò ń fetí sí. O ní o ka ọ̀rọ̀ mi sókè nínú ìpàdé. O ní wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ni ọ̀gá yín obìnrin bá ní kí wọ́n lọ wo ohun tí àpótí ń ṣe nígbàkúùgbà tó bá padà. (O ní kò sí ọ̀gá, mo sì ti ẹnu rẹ gbọ́ ọ̀gá. A ó sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn.) Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé kò bi ẹ̀rọ ńlá kankan léèrè. Ńṣe ló kó orí àwọn ojú ewé tí wọ́n kọ nígbà tó ń sinmi, ó gbà á lọ́wọ́ àpótí yìí, ó gbà á lọ́wọ́ tọ̀hún, ó fi wọ́n wé ara wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé ayédèrú kan fún un lójú ọ̀nà, ó kọ̀ ọ́, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. O ní ohun tí wọn ò tíì láyà láti dán wò gan-an nìyẹn, pé kí wọ́n fa okùn yọ lójijì lójú iṣẹ́, kí wọ́n wo bó ṣe máa dìde, pé èmi ti ń bá yín dán an wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti gbà á wọlé. Olùṣọ́ rẹ á wà nínú gbogbo àpótí, ẹnikẹ́ni ò sì ní tú ìdí iṣẹ́ yín ká mọ́.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Má-fọwọ́-kàn-án gbàgbé ara rẹ̀, ó gbé fóònù náà lé mi lọ́wọ́ pé kí n mú un dání. Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tí kò sí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ tó o ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé láìtijú. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fún gbogbo àpótí ní ọjọ́ ìsinmi, kí wọ́n pín in ní ìpín-ìpín kí iṣẹ́ má baà dúró. Bàbá rẹ ní bí ẹ bá fẹ́ ilé pákó fún wọn, ẹ sọ̀rọ̀ o.

Mo ní kó jẹ́ kí n tún ohùn náà gbọ́. Ní àkọ́kọ́, ìròyìn ni mo gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ ni mo gbọ́. Ohùn rẹ ti gbẹ, ò ń yán bí o ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Níbẹ̀ lo ti sọ pé ìwọ lo kọ́kọ́ rí i, pé o máa ń wò ó lójú kọ̀ǹpútà rẹ nígbà tí iná rẹ̀ bá kú láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, wàá sì jókòó tì í títí yóò fi padà ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń lọ sílé kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ta ni ó wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ ìsinmi? Ọjọ́ tí àbúrò rẹ ń sinmi, ìwọ ni o jókòó tí ò ń wò ó bó ṣe ń sinmi! Èmi tí mò ń fi páálí fẹ́ àpótí, ọmọ tí mo bí wà níbòmíràn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án lára láti mọ̀ bóyá ó gbóná. Ta ní ń yọ okùn tìrẹ, ọmọ mi?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ owó tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Má fi owó òwú ránṣẹ́, òwú wà. Má fi owó òróró ẹ̀rọ ránṣẹ́, má sì dá bàbá rẹ lóhùn bó bá tọrọ irin ìfápákó tuntun, ti àtijọ́ ṣì mú. Owó ọkọ̀ ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi, ti àlọ nìkan. Mò ń bọ̀ wá bá ọ. Màá fúnra mi yọ okùn rẹ lọ́jọ́ ìsinmi, màá sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ọ̀gá tí kò sí wá bá mi níbẹ̀. Ti àbọ̀, bí o bá ti sùn tó o sì jí, a ó jọ sọ ọ́.

Ire ni yóò máa bá ọ jí. Ohun tó o kọ́ sílé ayé kò ní wó lójú rẹ. Ọlọ́run ni kì í sùn, tí kì í tòògbé. Ó ń ṣọ́ gbogbo ayé, kò sì tíì ránṣẹ́ pè ọ́ pé kó o wá ran òun lọ́wọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.